Ẹsẹ̀ Mi Ni Mo Fi Jẹun ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sí ìloro mi, tí ẹ ó sì bi mí pé, "Tàńtí Felisité, iṣẹ́ wo ló dáa fún wa báyìí?", ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi ná. Àtẹ́lẹsẹ̀ yìí ti le ju awọ bàtà lọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi mú àlejò rìn ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Kò rẹ̀ mí o. Orúnkún òsì mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ṣe. Kì í ṣe irú èyí tó ń jókòó síwájú nínú ọkọ̀ ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń na ìka síta láti ojú fèrèsé. Àlejò tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ ni tèmi: akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ẹrù sẹ́yìn, tíṣà tó gba ìsinmi, àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Paríì tí wọn kò mọ ojúlé bàbá wọn. Ohun tí mo fi ń hàn wọ́n kò ní ẹnu ọ̀nà tí ẹnì kan ti ń já tíkẹ́. Láàárọ̀, a ó lọ sétí ọ̀sà lọ wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń kó àwọ̀n wọlé. Ẹni tó bá fẹ́, ọlọ́kọ̀ ojú omi á gbé e kọjá fún owó tí kò ju owó àkàrà lọ. A ó jókòó sábẹ́ àwọn igi àgbà nínú ọgbà. A ó wo mọ́sálásí tí àwọn mọlémọlé tó ti Bùràsílì dé kọ́, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn àlejò á sì máa jiyàn lórí rẹ̀ títí oòrùn á fi mú. Bí ọjà Àjàrá bá bọ́ sí ọjọ́ náà, a ó lọ wo àwọn tó ń mọ ìkòkò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó wọ agbo ilé. Agbo ilé ni ọkàn iṣẹ́ náà, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ilé ìwé. Màmá mi ń ta òwú ìránṣọ ní àdúgbò Dọ́wà. Bàbá Sùnmọ́nù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Papa Gíìdì, nítorí gíìdì ni amọ̀nà lédè Faransé, wá ra òwú tí yóò fi rán bàtà rẹ̀. Ó rí mi níbi tí mo jókòó sí, ó bi màmá mi pé, "Ọmọ yìí, ó mọ̀ ọ́n rìn?" Màmá mi ní kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, ó tó jẹ, kò tó yangàn, mo sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ gbọ́. Ọdún kan gbáko ni Papa kò jẹ́ kí n bá àlejò kankan sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni mo ń tẹ̀ lé wọn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lérí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa kí ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìkíni nìkan ni mo fi ọdún kan kọ́. Ilé Mùsùlùmí ní bí a ṣe ń kí i, ilé Mẹ́tọ́díìsì ní tirẹ̀, ilé àwọn Ògù, èdè Ògù ni a fi ń kí wọn, kódà bí o bá mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, jù ọ́ lọ. Ilé tí òfò ti ṣẹ̀ láàárín ogójì ọjọ́, a kì í kí i láti òpópónà, a ó wọlé ni. Bí mo bá gbàgbé ẹyọ ilé kan, Papa á dúró gbagidi láàárín ọ̀nà, àwọn àlejò á dúró, oòrùn á dúró.

Ó ní, "Padà."

"Papa, a ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́."

"Ẹn, mo mọ̀. Padà."

Mo máa ń padà. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ọ̀nà tó tó láti Dọ́wà dé ẹnu ọjà, kí n kàn lọ sọ pé "Ẹ kú ilé o" fún ìyá arúgbó tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti kọ́kọ́ kọjá. Mo kórìíra ọkùnrin náà nígbà yẹn, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kí n lè sinmi.

Kì í gbé agbòòrùn bí àlejò rẹ̀ kò bá ní. Kì í jókòó kí onílé tó ní kó jókòó. Kí ó tó wọ iyàrá àlejò ilé kankan, yóò ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó lè mọ irú ènìyàn tó wà nínú ilé àti bóyá ọjọ́ dáa fún àbẹ̀wò. Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, kì í hùmọ̀. Á ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká bi onílé." Ọ̀pọ̀ nínú àwọn amọ̀nà tí mo bá pàdé lẹ́yìn náà kò lè sọ gbólóhùn yẹn láyé wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé igi ọgbà ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìtàn. Abẹ́ ògiri kan létí ọ̀sà la máa ń jókòó sí, a ó máa jẹ ẹ̀pà. Ó sọ fún mi níbẹ̀ pé, "Felisité, méjì ni ìmọ̀. Ti ẹnu wà, ti ikùn wà. Ti ẹnu ni kí o fún àlejò. Ti ikùn, ńṣe ni o mọ̀ ọ́n kí o má baà ṣìwà hù nílé onílé."

Ìlú tó ti pẹ́ bíi tiwa, ti ikùn ló pọ̀ jù. Ta ni ó bá ta jà lórí ilẹ̀, ọmọ wo ni kì í ṣe ọmọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ta ni wọ́n tà, ta ni ó ta ènìyàn. Papa mọ gbogbo rẹ̀, ó sì kó o fún mi pátá, nítorí pé kò bí ọmọ tó fẹ́ràn rìn.

Ní ọdún karùn-ún, orúnkún tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó fi ìlú lé mi lọ́wọ́. Ilé mọ́kànlá ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa nígbà náà, kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Papa fi kí àwọn ilé náà kí wọ́n tó máa ṣí bẹ́ẹ̀.

Èmi wá gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ, àbí kí ni ẹ ó pè é. Mo rí i pé ojú àlejò kì í là sí ìtàn ẹnu. Bí mo bá sọ fún wọn pé ẹni tó kọ́ ilé yìí jẹ́ ènìyàn rere tó fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n á máa wo aago. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ti ikùn fún wọn, ojú wọn á là, ẹnu wọn á yà. Mo fẹ́ràn kí ẹnu wọn yà. Àwọn àgbà inú agbo ilé nígbà náà kò gbọ́ Faransé. Nàgó àti Ògù ni tiwọn. Nítorí náà, mo máa ń kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní Nàgó, n ó wá yíjú sí àlejò, n ó sì tú àṣírí ilé náà síta ní Faransé níwájú onílé. Ìyá àgbà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni mo ń sọ. Mo ka Faransé sí ògiri. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn nínú ara mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ògiri náà wó.

Àlejò mẹ́fà ni mo kó. Ọ̀kan nínú wọn ni Màdámù Lína, obìnrin sígbọnlẹ̀ kan tó ti erékùṣù kékeré kan ní òkun Pàsífíìkì wá, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kútọnu. A dé ilé olójú fèrèsé búlúù, ilé Àgùdà. Àgùdà ni a ń pe àwọn tí bàbá ńlá wọn ti Bùràsílì padà dé. Ìyá Àgbà Fransíká ló ni àṣẹ ibẹ̀, arúgbó kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tóbi. Mo kí ilé, ẹnì kan sì dáhùn láti ilé ìdáná pé kí á máa wọlé bọ̀. Bàtà mẹ́jọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà iyàrá àlejò. Mo rí wọn. Bàtà ọkùnrin, dúdú, wọ́n kùn ún dáadáa, ó ń dán. Papa ì bá ti yí padà lójú ẹsẹ̀, kó ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Èmi kò kà á sí. Gbogbo fèrèsé wà ní títì, mo sì dúró sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mo sọ ọ́ ní Faransé, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, pé ẹrú ni ẹni tó kọ́ ilé ẹlẹ́wà yìí. Mo ní wọ́n tà á nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí èjìká rẹ̀, àti pé ìdílé náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá kan tó ga, tó wọ agbádá funfun, yọjú síta, ó sì dá mi lóhùn ní Faransé tó dán ju tèmi lọ: "Ọmọbìnrin, jọ̀wọ́ tún gbólóhùn yẹn sọ. Etí mi kò mú un tán."

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Mìsíọ̀ Dirẹtẹ́. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ láti Dọ́wà wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Rosínà, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà Fransíká. Mo rí Rosínà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀. Obì wà nínú àwo, wọn kò tíì pa á. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ojú àwọn àna rẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Kí ni ọmọ yẹn sọ?" Àwọn àna ti ń dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè sọ pé kí ló wà nínú ìyẹn. Nígbà tiwa, kí a tó fọmọ fún ni, ìwádìí á ti wáyé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà là ń wò ká tó gbéyàwó. Bí wọ́n bá ti pe ilé kan ní ilé ẹrú, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ lè dàgbà sílé. Àwọn Àgùdà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì láti ọdún gbọọrọ. Èmi ni mo pọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú àna.

Àwọn ará Dọ́wà kó bàtà wọn sẹ́sẹ̀, wọ́n lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Wọn kò bú mi. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn láti inú ilé, ilẹ̀kùn kò sì ṣí. Ilé kọ̀ọ̀kan ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni mo ti ń fi Faransé sọ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo rò pé Papa á lù mí. Kò lù mí. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi kò sì rán ọ níṣẹ́ ẹrú, Felisité. Iṣẹ́ ọmọ ni mo rán ọ."

Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé olójú fèrèsé búlúù lọ bẹ̀bẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Mo rí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, lórí iyanrìn. Ìyá Àgbà kò jáde. Nígbà tó pẹ́, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà, ó sì gba iwájú mi kọjá láì wò mí. Ẹ̀dùn ọkàn ọjọ́ yẹn ṣì wà lára mi títí di òní. Mo lọ bá màmá mi ní ìdí òwú, mo sọ fún un pé mo ti pa iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, Màdámù Lína wá mi wá sí Dọ́wà. Mo rò pé ó wá gba owó rẹ̀ padà. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Ní erékùṣù wa, òkun jẹ́ ọ̀fẹ́. Iyanrìn jẹ́ ọ̀fẹ́. Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, tí àwọn àlejò fẹ́ràn láti wẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tí kò ní ìdílé tó ni ín. A kì í sanwó, a máa ń tọrọ ni. Ẹni tó bá wẹ̀ láì tọrọ, olè ni, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan kan lọ."

Mo ní, "Bí ó bá ti wẹ̀ tán ńkọ́?"

Ó ní, "Á mú ẹní. Á lọ jókòó síwájú ilé tó ṣẹ̀, á fi ẹní náà bo orí. Kò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ilé ló máa ṣí i lórí rẹ̀, bí ó bá fẹ́."

"Bí kò bá fẹ́ ńkọ́?"

"Nígbà náà, á wà níbẹ̀."

Àwa náà ní bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Alágbà ni à ń rán, alágbà sì ti lọ, wọn kò dá a lóhùn. Ìbẹ̀rù pé àwọn ará ìlú á rẹ́rìn-ín mi pọ̀ lọ́kàn mi, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá pa ojú dé, àyà Papa tí iyanrìn lẹ̀ mọ́ ni mò ń rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ẹní màmá mi, mo lọ jókòó síwájú ilé olójú fèrèsé búlúù, mo sì fi bo orí.

Lábẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè rí. Mo rí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ọlọ́jà, mo rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n dúró, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n lọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní orí gíìdì ti dàrú. Oòrùn mú, ẹní náà gbóná bí ààrò. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo ká ẹní, mo lọ sílé. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnì kan gbé agolo omi síwájú mi ní ọjọ́ kejì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ó sì le koko. N kò mọ ẹni náà, mo mu omi náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàtà dúdú kan dúró síwájú mi. Mo mọ bàtà náà.

"Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀?"

"Èmi ni, Mìsíọ̀ Dirẹtẹ́. Felisité ọmọ oní-òwú."

"Kí ni ò ń ṣe?"

"Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Mo wá dá a padà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà."

Ó wá ní, "Ìwọ lo sọ ọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa ni a dìde níbẹ̀ tí a lọ láì dágbére fún àgbàlagbà. Ta ni yóò wá fi ẹní borí fún tiwa?"

Ó wọlé. Mo gbọ́ ohùn ńlá Ìyá Àgbà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo tún gbọ́ ti Rosínà pẹ̀lú ẹkún nínú rẹ̀: "Ẹni tó ra ara rẹ̀ padà, tó kọjá òkun, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ni mo fẹ́ máa tijú rẹ̀ sí?" Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ arúgbó kan, kékeré, tí kò wọ bàtà, tó dé iwájú mi. Wọ́n ṣí ẹní kúrò lórí mi, ìmọ́lẹ̀ sì fọ́ mi lójú.

Ìyá Àgbà Fransíká ní, "Dìde. O ti fi ẹní dí ọ̀nà mi fún ọjọ́ mẹ́ta." Ó wá tẹ̀ síwájú, ó na ìka sí mi lẹ́nu gan-an. "Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ti ibí jáde mọ́. Ní Nàgó, ní Ògù, ní Faransé, ní èdè àwọn aláwọ̀ funfun yòówù kó jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mo sì búra fún un.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà kí ọdún tó parí. Wọn kò pè mí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ilé tó kù, ẹsẹ̀ ni mo fi ṣí wọn, bí Papa ti ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi kẹ́ẹ̀gì omi lérí bí ọmọ iṣẹ́. Ọdún méjì kọjá kí ìkẹta tó ṣí. Papa rí méje nínú wọn kó tó kú. Ọjọ́ tí ìkeje ṣí, ó ní kí n wá jẹ ẹ̀pà, kò sì sọ ohun mìíràn. Ẹni tó bá mọ Papa á mọ̀ pé àríyá ńlá nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, ilé mẹ́tàlélógún ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: kò sí amọ̀nà mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá ní òun ní, kó wá kà wọ́n fún mi.

Ẹ máa bi mí nípa irinṣẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹfun ni a fi ń ya ìlú sílẹ̀ fún àlejò kí a tó gbéra. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé olójú púpọ̀ dé, tí gbogbo òpópónà wà nínú rẹ̀ àyàfi èyí tí a fẹ́ gbà. Ẹnì kan ta gbohùngbohùn fún mi, mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, ajá mẹ́ta lé wa. Fóònù wá dé. Ní báyìí, ohùn obìnrin kan inú fóònù ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yà sápá òsì. Ó ti mú tọkọtaya kan wọ ẹ̀yìnkùlé màmá kan tó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Màmá náà da omi ọṣẹ lù wọ́n, èmi ni mo sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ mọ ọ̀nà o, n kò jiyàn. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kí ilé ni. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Ìrìn kan ní ìparí iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ. Oṣù méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo kó ọ̀dọ́ márùn-ún wọ ilé olójú fèrèsé búlúù. Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Rosínà ni ilé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu báyìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó síbi ìloro, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí i, ó ní ká máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà gbé fóònù sókè, ó ní, "Tàńtí, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹrú ni ẹni tó kọ́ ilé yìí. Òótọ́ ni?"

Ọwọ́ Rosínà dúró nínú ẹ̀wà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó àlejò wọ ibẹ̀, bí fóònù bá sì fẹ́ bà á jẹ́ fún mi ní oṣù méjì tó kù, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Mo ní, "Mi ò lè dá ọ lóhùn. Ilé yìí ní ẹni tó ni ín."

Rosínà gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Felisité, ìyá mi àgbà ní kí o má sọ ọ́, o kò sì sọ ọ́. Èmi ò rántí pé wọ́n sọ fún èmi kí n má sọ ọ́."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ náà. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n wá jókòó sílẹ̀. Ó sọ orúkọ bàbá náà fún wọn, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbí àti èyí tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ́nà oko, ó sọ iye ọdún tó fi ru amọ̀ ní ìlú onílùú kó tó ra ara rẹ̀. Ó sọ ti irin, ó sì fi ọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀ níbi tí àmì náà wà lára bàbá náà. Ohùn rẹ̀ tóbi bí ti ìyá rẹ̀ àgbà, àwọn tó ń kọjá ní òpópónà dúró láti gbọ́, kò sì rẹ ohùn náà sílẹ̀ nítorí wọn. Èmi dúró lẹ́yìn àwọn àlejò mi, mo pa ẹnu mọ́, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.